Kì í Ṣe Dandan Kí A Fẹ́ràn Ọ̀daràn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òǹwòran, pàápàá jù lọ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: "Fíìmù náà kò dùn, nítorí pé kò sí ẹni tí a lè fẹ́ràn nínú rẹ̀." Bí ó bá jẹ́ fíìmù ìfẹ́ ni, a lè gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fíìmù ọ̀daràn ni, a kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ẹni tí ó bá ní dandan ni kí apànìyàn wu òun kí òun tó lè wo eré rẹ̀, ó ń bẹ òṣèré pé kí ó parọ́ fún òun ni.

Ẹ jẹ́ kí a gbé fíìmù méjì yẹ̀ wò. Èkíní ni À bout de souffle, tí Jean-Luc Godard gbé jáde ní ọdún 1960. Jean-Paul Belmondo ni ó ṣe Michel Poiccard, olè ọkọ̀ tí ó yìnbọn pa ọlọ́pàá kan ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Belmondo dé fìlà, ó ń mu sìgá, ó ń fi àtàǹpàkò nu ètè bí ẹni pé òun ni Humphrey Bogart. A kò sọ pé fíìmù náà kò níláárí. Ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan ni a ní: ọlọ́pàá tí ó pa ńkọ́? Mélòó nínú wa ni ó rántí ojú rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀? Fìlà Belmondo ni a ń wò.

Èkejì ni M, tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì ní ọdún 1931. Peter Lorre ni ó ṣe Hans Beckert, ẹni tí ń pa àwọn ọmọdé. Kò sí ohun tí ó wuni lára rẹ̀: ẹyinjú rẹ̀ yọ síta, ó ń súfèé kiri ìgboro. Ṣùgbọ́n a mọ orúkọ ọmọ tí ó pa: Elsie Beckmann. A gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tí ń pè é lórí àtẹ̀gùn. A rí àwo oúnjẹ rẹ̀ tí ó ṣófo. A rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ tí ó yí jáde láti inú igbó. Nítorí pé apànìyàn náà kò fa ojú wa mọ́ra, àyè wà fún òkú. Nígbà tí Beckert sì sunkún níkẹyìn pé òun kò lè kó ara òun níjàánu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa, síbẹ̀ a kò fẹ́ràn rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni òṣèré ṣe níbẹ̀.

Kí ni Lorre rí gbà fún iṣẹ́ yìí? Ọmọ Júù ni. Ó kúrò ní Jámánì ní ọdún 1933, nígbà tí Hitler gba ìjọba. Ní ọdún 1940, àwọn Násì gé ẹ̀kún Beckert kúrò nínú M, wọ́n fi sínú fíìmù ìbanijẹ́ tiwọn, Der ewige Jude, bí ẹni pé ìwà Lorre àti ti gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹni tí ń ṣépè fún òṣèré lọ́jà nítorí ipa tí ó kó rántí ibi tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè já sí.

Ó yẹ kí àwa ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ mọ èyí dáadáa. Àwa ni a ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ àjogúnbá Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ọkùnrin ni ó ń di obìnrin nínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ta ni ó ń pè é ní ìyàwó? Ní òru Ẹ̀fẹ̀, a ń tú àṣírí oníwà burúkú ní gbangba, a kì í sì bá akọrin jà.

Ẹnìkan lè wí pé eré ni eré ń jẹ́. A gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí àwọn tí ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì, wọ́n ń rí ọkọ̀ àti aṣọ wọn, wọn kò rí opó tí owó rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe fíìmù nípa wọn, ẹ má ṣe bá wọn ran aṣọ sí i. Ẹ fi opó náà hàn wá, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀. Ìwà lẹwà ni àwọn baba wa wí; fíìmù tí ó bá sọ apànìyàn di arẹwà ti yí ọ̀rọ̀ wọn po.