Ọjọ́ Méjìlá Kò Tó Fún Egungun Tó Ṣẹ́

Ẹni tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Dùgbẹ̀ tàbí Ring Road, bí àìsàn bá dá a dúbúlẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 12 péré lọ́dún ni òfin ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n san owó rẹ̀ fún un. Abala 16 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ni ó wí bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí dókítà wá. Òfin ìgbà ológun ni, láti àwọn ọdún 1970. Akọ̀wé àti àwọn tí ń fi agbára ṣiṣẹ́ ni ó wà fún. Àwọn ọ̀gá ní àdéhùn tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ibà lè lọ láàárín ọjọ́ 12. Ṣùgbọ́n egungun itan tí ó ṣẹ́ a máa gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó jinná. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nìkan, oṣù mẹ́fà ni a fi ń lò ó. Ta ni yóò máa bọ́ ilé?

Àwọn kan yóò ní òfin gbà-máà-bínú ti 2010 ti tún un ṣe. Lápá kan ni. Agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò àjọ NSITF, ibẹ̀ ni a sì ti ń tọ́jú ẹni tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Kódà, ẹni tí ọkọ̀ kọlù bí ó ti ń ti ilé ní Agbówó lọ síbi iṣẹ́ ní Challenge wà lábẹ́ rẹ̀ (mélòó nínú wa ni ó mọ̀?), bí ó bá ti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ tí iṣẹ́ kò fà ni ó dè é mọ́lé, àpò yìí kò ṣí fún un.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbanisíṣẹ́ a máa san owó àìsàn títí di ọ̀sẹ̀ 28. Ní 2012, ìjọba ibẹ̀ fi gbèdéke ọjọ́ 365 sí irú owó ìrànwọ́ kan fún àwọn aláìsàn, ariwo sì sọ. Ọdún kan ni wọ́n ń pè ní kékeré! Àwa ń gbé ọjọ́ 12 mì láìwúkọ́.

N kò sọ pé kí a má fi gbèdéke sí i. Oníṣòwò tí ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní Bódìjà kò lè dá san owó ọdún kan fún ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́. Òun náà yóò wó. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹrù náà kúrò lórí ẹnì kan, kí ó bọ́ sórí àpò. Kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ fi díẹ̀ kún un nítorí àìsàn tí ó pẹ́, kí ó sì jẹ́ pé ìdájọ́ dókítà ni yóò sọ ìgbà tí owó yóò dúró.

Ẹni tí ń ta ata lọ́jà Bódìjà kò tilẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú òfin. Kí a gbà á láyè láti san tirẹ̀ síbẹ̀, bí ó ti ń dá àjọ.