Adùn Nìkan Kò Tó fún Irúgbìn Àgbàdo

Ní Àkùtè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, ilé ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko rí. Síbẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń gbin àgbàdo sí àyè tí a kò tíì kọ́lé sí, àti sí ilẹ̀ ọlọ́ràá etí odò Ògùn. Ọjà Èkó kò jìnnà sí wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ń ronú láti gbin àgbàdo aládùn, irú èyí tí a ń rà nínú agolo, àwa kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n a rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ́kọ́ wádìí irúgbìn tí yóò fi owó rẹ̀ rà.

Àgbàdo bí àgbàdo ni àgbàdo aládùn. Àbùkù kan ni ó jogún, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ọmọ rẹ̀ di sitáàṣì bó ti yẹ. Àbùkù yìí ni adùn rẹ̀; òun náà ni ó ń mú kí ọmọ rẹ̀ hunjọ bí ó bá gbẹ, tí ó sì fi ń tètè jẹrà nínú ilẹ̀ kí ó tó hù. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ní oko ilé-ìwé lè fi í kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá gbọn lẹ́búlẹ́bú ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo lásán sí irun àgbàdo aládùn, kò sí ọ̀kan nínú ọmọ tí yóò so tí yóò dùn. Bí a bá gbin àwọn ọmọ náà, tí wọ́n sì gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni adùn yóò padà sí.

Àrùn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Ní ọdún 1949, àrùn kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ń mú ewé àgbàdo pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún, bẹ́ sílẹ̀ ní Sierra Leone. Ní 1950, ó ti dé Nàìjíríà. Irúgbìn tí ó lè kojú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ wá lọ sí Amẹ́ríkà kan náà, tí wọ́n sì mú un wá sí Moor Plantation ní Ìbàdàn.

Èyí tí ń fa ilà funfun gígùn sí ojú ewé yàtọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn erékùṣù tí ó súnmọ́ ọn ni ilé rẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ń fò láti ewé dé ewé ni wọ́n ń gbé e kiri. Àgbàdo tí ó bá mú ní kékeré lè má so rárá, pàápàá èyí tí a pẹ́ gbìn. Ní IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ńṣe ni wọ́n ń sin àwọn kòkòrò wọ̀nyí, tí wọ́n ń tú wọn sórí àgbàdo, tí wọ́n sì ń mú irúgbìn lára èyí tí kò kú. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn King Baudouin ní 1986.

Níbo wá ni àgbàdo aládùn tí a yàn ní Amẹ́ríkà yóò ti bá àrùn yìí pàdé rí? Ẹni tí kò rí ogun rí kò lè sọ pé òun borí ogun. Ó lè dùn bí oyin, kí ilà funfun sì pa á ní Àkùtè kí ó tó yọ irun.

A kò sọ pé kò ṣeé ṣe. A lè so agbára àgbàdo Ìbàdàn pọ̀ mọ́ adùn ti òkèèrè, kí a sì máa yàn án lọ́dọọdún títí méjèèjì yóò fi wà lára ìran kan. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìgbà òjò ni; owó ìjọba tí ń wá lónìí tí kò wá lọ́la kò lè ṣe é. Ó sì yẹ kí òfin mú kí ẹni tí ń ta irúgbìn kọ orúkọ àrùn tí irúgbìn rẹ̀ lè kojú sára àpò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ ń tẹ̀lé, bí ọdún ìbò bá dé, tí wọ́n bá gbé àpò irúgbìn tí ó ní àmì ẹgbẹ́ lára fún yín, ẹ pàtẹ́wọ́ bí ẹ bá fẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, níwájú gbogbo èrò, bóyá àgbàdo inú rẹ̀ lè kojú àrùn ilà funfun.