Ta ló ni ẹdan tó wà nínú ìyẹ̀wù ìdílé yín?

Ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. A ti lé ní 50 ọdún báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín fojú rí ìtàn ìpínlẹ̀ yìí, ibo lẹ máa mú un lọ? Ilé Ìkàwé Ààrẹ Ọbásanjọ́ wà l'Abẹ́òkúta, ó dára, ṣùgbọ́n ìtàn ẹnì kan nìyẹn. Àwa ará Ìjẹ̀bú ńkọ́? Láti Ìjagun níbí, Erédò Sùǹgbọ́ ò jìnnà, kòtò tó gùn tó 160 kìlómítà. Ìyẹn ò ṣeé gbé sínú gíláàsì. Àwọn ohun tó ṣeé gbé, bí ẹdan Òṣùgbó, ìlù àti aṣọ oyè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ìyẹ̀wù àwọn ìdílé. Òmíràn ti dèrò ìlú òyìnbó.

Àwọn kan ní kí ìjọba yáa kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mi ò ta kò ó o. Ṣùgbọ́n ẹ wo Benin ná. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí MOWAA, àwọn kan ya wọ ọgbà náà, wọ́n ní orúkọ Ọba ló yẹ kó wà lára rẹ̀. Àwọn àlejò sá, wọ́n sì sún ayẹyẹ síwájú. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí i pé Ọba ló ni àwọn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n kó ní 1897, tó ń padà wálé. Ilé ti dúró kí ọ̀rọ̀ tó yanjú.

Mo kàwé òfin, ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, Àfikún Kejì, Apá Kejì, ìlà 3, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣòfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí Àbújá ò tíì sọ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. A ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí òfin náà sọ pé ìdílé tó bá yá ìjọba ní nǹkan ló ṣì ni ín, kí wọ́n fún wọn ní ìwé, kí ọjọ́ ìdápadà wà nínú rẹ̀. Ohun tí ojú ọ̀gbẹ̀rì ò gbọdọ̀ rí, kí àwọn tó ni awo sọ bẹ́ẹ̀, kó sì parí síbẹ̀. Láìsí ìyẹn, ta ló máa gbé ẹdan bàbá rẹ̀ fún ìjọba? Ẹni tó ń fi owó wá a kiri ló máa tà á fún.

Ìdìbò 2027 ti dé tán. Ẹni tó bá ń wá ìbò yín fún ilé aṣòfin l'Abẹ́òkúta, ẹ bi í bóyá ó ti ka ìlà 3 yẹn rí.