Fóònù Ń Sọ̀rọ̀, Kò Gbọ́ Tèmi



Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàfò ni mo ti mọ adùn pọ́díkáàsì. Láti Mòwé là ń lọ sí Berger láàárọ̀ ọjọ́ náà, mọ́tò ò lọ, kò bọ̀. Mo ki íápíìsì bọ etí. Babaláwo kan ń túmọ̀ ẹsẹ Ifá. Háà, mi ò mọ ìgbà tá a dé Berger!

Ó rán mi létí Bàbá Yẹmí Ẹlẹ́buìbọn lórí tẹlifíṣàn, nínú Ifá Olókun Asọ̀rọ̀dayọ̀. Nígbà yẹn, tó bá ti kọjá, ó kọjá nìyẹn. Eléyìí, ẹ lè tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ni mo bá gbéra lọ ka ẹsẹ kan fún Olúwo mi ní Ifọ̀. Ẹ̀rín ni Bàbá rín. Mo ti já ẹsẹ odù kan mọ́ òmíràn! Fóònù ń bá mi sọ̀rọ̀ lóòótọ́, kò gbọ́ àṣìṣe mi.

Ní báyìí, mo ti yọ íápíìsì. Lálẹ́, gbogbo ilé la jọ ń gbọ́ ọ. Èyí tí kò bá yé wa, àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá.

Ẹ gbádùn ẹ̀, àmọ́ ẹ má fi rọ́pò olùkọ́.