Ọ̀mùtí kọ́ lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi

1. Ẹ fa àga jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò sì ní bò ó.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa n'Ìbàdàn dé ibùdókọ̀, ibi mọ́kànlá ni wọ́n ti ń ta ọtí. Mo kà á. Mi ò tíì ka ìyá oníparaga tó máa ń dé kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ wá bi mí pé ibi mélòó ni ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lè lọ jókòó. Òdo.

2. Iṣẹ́ iná ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, ọwọ́ ẹ̀ sì dá múṣémúṣé. Nígbà tó yá, ọwọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárọ̀ tí ò bá tíì mu ún. Kí la ṣe? A bú u. A pe ìpàdé ẹbí. Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ò bi í pé, "Báwo ló ṣe ń ṣe ẹ́?"

3. A mú un lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbàdúrà, mo ṣàmín, mi ò bá àdúrà jà. Ṣùgbọ́n ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé máíìkì lé e lọ́wọ́ pé kó jẹ́rìí níwájú ìjọ pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀mí ọtí. Ó jẹ́rìí. Lọ́jọ́rú, ó mu. Látìgbà náà, kò lè gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kọjá mọ́. A gbé ìtìjú lé ìtìjú, a ní ìwòsàn ni.

4. Àwọn àgbà ní bí a bá fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ òsì dà?

5. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ sọ fún wa nípa AA, ìyẹn Alcoholics Anonymous. Ọdún 1935 ló bẹ̀rẹ̀ nílùú Akron l'Amẹ́ríkà, láàárín oníṣòwò kan, Bill Wilson, àti dókítà kan, Bob Smith. Àwọn méjèèjì ni ọtí ti bayé jẹ́ fún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́ ara wọn yé. Kò sówó ìwọlé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè ni pé kó o fẹ́ jáwọ́. Ohun tó o bá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ lo máa fi sí.

6. Ká tó rí ọ̀kan, ogun ni. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ò lọ. Ìkejì, wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀. Èyí tá a wá rí, bọ́ọ̀sì méjì ni, lálẹ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi dé gétì, ó yí padà. Lọ́sẹ̀ kejì, mo tẹ̀ lé e. Wọ́n rọra sọ fún mi pé àwọn ìpàdé kan wà tí ẹbí lè bá wọn jókòó, ṣùgbọ́n tòní kọ́. Mo dúró síta lọ́dọ̀ ẹlẹ́pà. Nígbà tó jáde, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni: "Àbúrò, kò sẹ́ni tó bú mi."

7. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀: "Nǹkan òyìnbó nìyẹn." Ẹ jọ̀ọ́! Àwa tá à ń dá àjọ, tá à ń dá èésú, tá a ní ẹgbẹ́ fún gbogbo nǹkan títí dórí aṣọ ẹbí, ṣé òyìnbó ló máa kọ́ wa ká kó ara jọ? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

8. Ẹlòmíì á ní, "Kó ṣọkàn akin, kó jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà." Ẹ má dán an wò! Ẹni tí ọtí ti wọ̀ lẹ́wù, tó ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá já a gbà lẹ́nu ẹ̀ lójijì, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí, ó lè kú. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ti Aro wà l'Abẹ́òkúta, ti Yaba wà l'Ékòó. Ẹ jẹ́ kí dókítà rí i ná, kó tó máa lọ sípàdé.

9. Ohun tí mò ń bèèrè ò pọ̀. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, ẹ ní yàrá tó ń ṣófo lálẹ́. Ẹ yọ̀ǹda ọ̀kan fún wákàtí kan ààbọ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má gbé máíìkì wá o! Ẹ̀yin ọsibítù, ẹ lẹ ọjọ́ àti àkókò ìpàdé mọ́ ògiri, níbi téèyàn ti lè kà á láìbi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ fún un lówó ọkọ̀. Ẹgbẹ́ tiyín náà wà, Al-Anon, látọdún 1951.

10. Ìwọ tó ò ń ka èyí lóru tí o ò fẹ́ kẹ́nì kankan mọ̀: wá wọn lórí fóònù. Pè kó o tó lọ, bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń pàdé. Tí kò bá sí nítòsí, àwọn kan ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó o bá dé gétì tó o yí padà, lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

11. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì látìgbà náà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló padà lọ. Ládùúgbò, ọ̀mùtí ni wọ́n ṣì ń pè é. Lálẹ́ Ìṣẹ́gun, tó bá wọlé síbẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n ń pè é.