Ẹ Mọ Ẹni Tí Ń Mú Yín Rìn Ní Ọjà Ṣáínà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ń ra irè oko, àwọn baba wa wí pé àlejò a máa ní ojú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tí ń lọ ra ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Ṣáínà mu.

Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń pàtẹ ọjà ńlá ní Guangzhou, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní Yiwu, ìsọ̀ inú ọjà kan ṣoṣo ju 70,000 lọ. Àlejò kò lè dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ rìn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń tẹ̀lé afinimọ̀nà. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ẹni tí ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń gba làádà lọ́wọ́ ẹni tí ń tajà, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni yóò mú yín lọ, yóò sì pe ìsọ̀ alágbàtà ní ilé iṣẹ́.

Èrò wa ni pé kí ẹgbẹ́ yín fúnra rẹ̀ san owó afinimọ̀nà, kí ó sì rán ẹni tí ó mọ iṣẹ́ oko. Kí ó rí ẹ̀rọ náà bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Kí ó wo ìwé àṣẹ ìṣòwò wọn: orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ ni kí ó wà lórí àkáǹtì tí ẹ ó sanwó sí. Ẹ má sì san owó tán kí a tó yẹ ẹrù wò.

Owó kókò tàbí ẹ̀pà odindi ọdún kan kì í ṣe owó ìgbafẹ́.