Ta Ni Ó Ni Àká Tí A Kó Àkọsílẹ̀ Wa Sí?

Ẹ̀yin ará wa, àti ní pàtàkì ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ mọ ohun tí àká jẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè gbé mì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Lọ́jọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ní Nàìjíríà. Ǹjẹ́ kí ni okùn inú òkun ní í ṣe pẹ̀lú owó tí a ń fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí Òṣogbo?

Inú sáfà ni àkọsílẹ̀ ayé òde òní wà. Kọ̀ǹpútà ni sáfà, ṣùgbọ́n kò ní ojú tí a ń wò. Pẹlẹbẹ ni, a sì ń tì í bọ inú férémù irin bí ẹni ti dúrọ́ọ̀ bọ inú tábìlì. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ayé ń lò: íǹṣì 19 ní ìbú, ìpele kọ̀ọ̀kan íǹṣì 1.75 ní gíga, férémù gíga kan sì sábà máa ń ní ìpele 42. Èyí tí ó bá wọ férémù London yóò wọ ti Èkó. Irin kò mọ àwọ̀ ara. Tọ̀sán-tòru ni ó ń ṣiṣẹ́, ooru rẹ̀ kò sì kéré, nítorí náà kò gbọdọ̀ ṣaláìní iná àti atẹ́gùn tútù. Ilé tí a to irú férémù bẹ́ẹ̀ sí ni dátà sẹ́ńtà. Àká ni.

Kì í ṣe pé a kò ní ọ̀kan nílé. Rack Centre wà ní Oregun. Ọmọ wa, Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ́kẹ́, ni ó dá MainOne sílẹ̀, tí ó ní tirẹ̀ ní Lẹ́kí. Ní ọdún 2022 ni Equinix ti Amẹ́ríkà rà á ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. A kò bá arábìnrin náà wí: ẹni tí ó bá kọ́lé lè tà á. Àwọn tí a ń bá wí ni àwọn tí wọ́n ní agbára ìjọba lọ́wọ́. Láti ọdún 2013 ni àjọ NITDA ti pàṣẹ pé ilẹ̀ yìí ni kí àkọsílẹ̀ ìjọba máa gbé. Ta ni ó ń bojú tó o?

Dọ́là ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa fi ń san owó àká òkè òkun. Nígbà tí a tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, gbèsè wọn fò sókè láìjẹ́ pé wọ́n fi ẹyọ ìwé kan kún ẹrù wọn. Kòkó ni a ń kó lọ, ṣokoléètì ni a ń rà bọ̀; ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n.

Àwọn alátakò yóò ní iná kò sí. Òótọ́ ni, dísẹ́ẹ̀lì sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé eku wà lóko ni àgbẹ̀ yóò ṣe kó gbogbo àgbàdo rẹ̀ sọdá òkun? Ẹ̀dà kejì lè wà lọ́hùn-ún, a kò kọ̀. Àgbẹ̀ ọlọ́gbọ́n kì í fi gbogbo irúgbìn sí ojú kan. Èkínní ni a ní kí ó wà nílé.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń béèrè kò pọ̀. Kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan, kí a tó ka ètò ìnáwó tí ń bọ̀, kọ ọ́ síta fún aráyé rí: ìlú wo ni àkọsílẹ̀ wọn wà, ta ni ó ni ilé náà, dọ́là mélòó ni wọ́n sì ń san lọ́dọọdún. A ń retí ìdáhùn.